Ààwẹ̀ Tí Màmá Gbà Nítorí Selima àti Azur

Òórùn ògì tó ti tutù ló máa ń gbé mi padà sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni, nígbà ọlidé gígùn, oòrùn Clarkston, ìlú tí a ń gbé ní Georgia l'Amẹ́ríkà, ti ń ta fèrèsé kíṣìnì wa láti aago mẹ́jọ. Mo jí, mo bá abọ́ ògì Màmá lórí tábìlì, ó ti yí awọ lójú, ṣíbí sì gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá ni ìyá tó bí mọ́mì mi. Láti Iléṣà ni wọ́n ti wá bá wa gbé fún oṣù mẹ́fà. Wọn kì í fi ògì ṣeré, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi ṣeré, nítorí oògùn àtọ̀gbẹ wọn kò bá inú tó ṣófo rẹ́. Mọ́mì tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti kọ ọ́ gàdàgbà sára fíríìjì: MAMA MUST EAT.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Ààwẹ̀ ni mo wà, Àbẹ̀kẹ́. Ẹnu mi ò ní kan oúnjẹ títí àwọn ọmọ yẹn á fi dé ibi omi."

Àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ kò sí níbì kankan láyé ju inú ìwé búlúù tí mò ń kọ ìtàn sí lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Gbogbo ìwé ìfẹ́ inú aṣálẹ̀ tó wà ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo ti kà tán, pẹ̀lú àwọn àgọ́ wọn, ràkúnmí wọn, àti ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fi fún arúgbó olóyè. Mi ò rí aṣálẹ̀ rí. Yanrìn tí mo mọ̀ kò ju èyí tó wà lábẹ́ jangirófà níwájú ilé wa lọ. Ìyẹn ò ní kí n má kọ tèmi. Selima jẹ́ ọmọ olórí ẹ̀yà Àgọ́ Dúdú, ní ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Azur jẹ́ ọmọ ẹ̀yà tó ń bá wọn jà lórí kànga. Àwọn méjèèjì sá lọ pẹ̀lú ràkúnmí kan àti àpò omi kan. Hodan, ọ̀rẹ́ mi ará Somalia tó ń gbé lókè wa, ló máa ń ka orí kọ̀ọ̀kan lórí àtẹ̀gùn. Òun náà ló fi dandan lé e pé Azur gbọ́dọ̀ kú. Ó ní, "If he doesn't die, it's not real love." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ ni màá fi pa á ní orí kẹsàn-án. A tiẹ̀ ti dán ẹkún rẹ̀ wò.

Màmá fẹ́ràn láti máa dirun fún mi lọ́sàn-án, nígbà tí Mọ́mì bá wà ní ọsibítù, tí Dádì sì wà níbi iṣẹ́ ní McDonough. Lọ́jọ́ kan, wọ́n bi mí pé kí ni mò ń kà tí mò ń rẹ́rìn-ín sí. Mọ́mì sì ti sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun bá rí ìwé ọkùnrin-àti-obìnrin lọ́wọ́ mi ni màá mọ̀ pé òun ló bí mi. Ni mo bá ní lẹ́tà ni, pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ló wà nínú aṣálẹ̀. Mo sì fi Yorùbá mi tó ń kọsẹ̀ kà á sí wọn létí.

Ìyàrun dúró lórí mi. "Aṣálẹ̀ kẹ̀? Ṣé àwọn òbí wọn mọ̀?"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán tí wọn kì í béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti dé ibi omi?" Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìtàn mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ká sòótọ́, orí mi wú. Bí wọ́n bá ti béèrè ni mò ń fi kún un: lónìí ìjì yanrìn, lọ́la ejò, lọ́túnla ràkúnmí ti ń tiro.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Norcross, ìyàwó pásítọ̀ gbé pépà kan dání, mo sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá lára rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, let us remember Sister Selima and Brother Azur. They are stuck in the desert, kò sí omi. Ẹ gbàdúrà!" Ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Mọ́mì mi gan-an na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń làágùn lórí Azur, ọmọkùnrin tí wọn ì bá fi ìgbálẹ̀ lé jáde ká ní wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo fọwọ́ bojú. Àwọn kan rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni ògì tutù lórí tábìlì. Nígbà tó fi máa di aago méjìlá, ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n lórí irun mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ojo ni mí. Ìwé ni mo gbé, mo sáré lọ sórí àtẹ̀gùn.

"You promised he would die!" ni Hodan wí. Mo ní ìyá àgbà mi ò tíì jẹun. Ó ronú díẹ̀. "Okay. But kill the camel."

Mi ò tíì kọ nǹkan kíákíá bẹ́ẹ̀ rí. Mo padà wọlé, mo kà á fún Màmá: wọ́n gun òkè yanrìn tó kẹ́yìn, wọ́n rí igi ọ̀pẹ, Azur kúnlẹ̀, ó bu omi mu.

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì."

"Ràkúnmí ńkọ́?"

Mo wo ìwé, níbi tí ràkúnmí ti kú. Mo ní, "Òun náà mu."

Màmá bú sórin. Wọ́n gbé ògì kaná, wọ́n mu ún tán, wọ́n fìka nu abọ́. Ìgbà yẹn ni ẹkún gbọ̀n mí. "Màmá, ẹ má bínú. Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́. Kò sí wọn."

Wọ́n fa etí mi, ó sì dùn mí wọra. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó. "Dàpọ̀, ọmọ ilé kejì wa ní Iléṣà," ni wọ́n wá wí. "Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló gbà, ó ní òun ń lọ sí Italy. Ó ti pé ọdún méjì tí ìyá rẹ̀ ti ń retí ìpè. Orúkọ rẹ̀ ni mò ń fi sáàárín tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ." Wọ́n nu imú mi. "Má purọ́ fún mi mọ́ o. Ó yá, lọ kọ bí wọ́n ṣe padà lọ dọ̀bálẹ̀ fáwọn òbí wọn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, orúkọ Dàpọ̀ ló wà lórí pépà Màmá. Mo ké "Àmín" ju gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, mo sì ń kọ ìwé fáwọn ọ̀dọ́ láàárọ̀ kí n tó lọ sí ọ́fíìsì. Màmá ti lọ sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí mo jẹ́ nígbà yẹn láyà jù mí lọ; ó lè fi òùngbẹ pa odidi ẹ̀yà kan kó sì tún lọ jẹ píísà. Èmi ò lè ṣe é. Bí mo bá ti fẹ́ pa ẹnì kan nínú ìtàn, òórùn ògì tutù á gba imú mi, mo sì máa rò ó pé ẹnì kan wà níbì kan tí kò tíì jẹun.

Dàpọ̀ ò pè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń retí. Ìwé tí mò ń kọ lọ́wọ́, inú aṣálẹ̀ náà ni, ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dàpọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín, pé ta ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn báyẹn? Ojú ewé kìn-ín-ní ni mo ti mú un dé ibi omi.