Bàbá Mi Mú Àna Rẹ̀ Lọ Han Ìjọba

Títí dòní, bí ẹnìkan bá sọ létí mi pé ìjọba mọ ohun tó ń ṣe, inú á bí mi. Mi ò kàwé lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú agboolé wa ní Ìwó ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, lọ́dún tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, mo ti gbòmìnira iṣẹ́ aṣọ rírán, mi ò kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n lè ní kò mọ ohun tó rí.

Àlejò tiwa, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ará Gánà ni, bíríkìlà ni, mùsùlùmí bíi tiwa. Ó ti lo ọdún méje lọ́dọ̀ wa. Yorùbá rẹ̀ máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Bó bá fẹ́ kí bàbá mi láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ tán, á gbàgbé èyí tó kàn, á wá ní, "Bàbá, mo ti dọ̀bálẹ̀ o." A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé wo ló wà ládùúgbò wa tí kò bá wọn rẹ́ ògiri rẹ̀? Bàbá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lọ́ọ̀dẹ̀, ló fún un ní yàrá. Bàbá mi náà ló so yìgì òun àti ẹ̀gbọ́n mi. Oyún ẹ̀gbọ́n mi ti pé oṣù mẹ́fà nígbà tí rédíò kéde àṣẹ yìí.

Bàbá mi ti jẹ àlejò rí. Kùmásì ló ti ń ta aṣọ nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn Yorùbá bí ẹni lé adìyẹ. Àpò kan ṣoṣo ló gbé délé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan ládùúgbò fi ń sọ pé ẹ̀san ti dé, kí àwa náà lé wọn. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé, "Onílé mi ní Kùmásì sunkún lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Òun kọ́ ló lé mi. Ìjọba ló lé mi."

Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀ nígbà náà, ìbò sì ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣèjọba ní àlejò ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, àlejò ló ń jalè. Ẹ gbà mí o! Bíríkìlà tó ń po sìmẹ́ńtì ní Ìwó ló gbé owó epo lọ, àbí? Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ọkọ òun lọ máa gbé inú ahéré wa lóko, lọ́nà Kúta, títí ariwo á fi rọlẹ̀. Èmi náà gbè é lẹ́yìn. Bàbá mi kọ̀ jálẹ̀.

"Olè ló ń sá pamọ́," ló wí. "Kí ni ọmọ yìí jí? Mo máa mú un lọ hàn wọ́n ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe wa wà. Ní ìlú wa, bí àlejò bá fẹ́ bá èèyàn gbé, onílé á mú un lọ han olórí àdúgbò pẹ̀lú obì. Á ní, "Àlejò mi rèé. Bó bá ṣẹ̀, èmi ni kí ẹ mú." Ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fọwọ́ kan àlejò náà, onílé ló fọwọ́ kàn. Bàbá mi ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un lọ́dún méje sẹ́yìn, ẹnikẹ́ni ò sì yọ ọ́ lẹ́nu. Ó rò pé bí olórí àdúgbò ṣe rí náà ni ìjọba rí, pé ó kàn tóbi jù ú lọ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú oyún nínú. "Bàbá, ẹ má mú un lọ. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Nígbà tí wọ́n bi ọkọ rẹ̀, ohun tí òun sọ ni pé, "Ohun tí Bàbá bá wí." Inú bí mi sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹni tó jẹ́ pé àánú ọkùnrin kan ló fi ń gbélé kò lè bá ọkùnrin náà jiyàn.

Èmi ni mo lọ aṣọ tó wọ̀. Bàbá mi gbé obì àti iṣu mẹ́ta, ó ní kí n bá àwọn ru iṣu. Bí a ṣe ń jáde, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ de òun.

Mi ò ní dárúkọ ìlú tí ọ́fíìsì ìjọba tí a lọ wà. Ọ̀gá tó jókòó níbẹ̀ lè má tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi gbé obì sórí tábìlì rẹ̀, ó ní, "Àna mi rèé. Bó bá ṣẹ̀, èmi ni kí ẹ mú."

Ọ̀gá náà wo obì, ó wo bàbá mi. "Ìwé rẹ̀ dà, Bàbá?"

"Èmi ni ìwé rẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ti bá wa dín iṣẹ́ kù." Ó pe ẹnìkan, wọ́n sì mú ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gba ẹ̀yìn lọ, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan wà tí èèyàn ti kún inú rẹ̀.

Bàbá mi bèèrè pé, "Ṣé ká dúró dè é?"

Yéè! Mi ò lè gbàgbé ìbéèrè yẹn. Wọn ò lu ẹnikẹ́ni, wọn ò bú wa, wọ́n tilẹ̀ ní ká gbé iṣu wa padà. Nígbà tí ọkọ̀ náà ń lọ, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nàró láàárín èrò, ó ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ má bínú o!" Òun ló ń bẹ̀ wá. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ ara wa sìn ín dé ọwọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Ó wo èmi, ó wo bàbá mi, ó wo ẹ̀yìn wa. Kò sunkún. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Oṣù kan lẹ́yìn náà, awakọ̀ kan sọ fún wa pé òun rí i ní bodè, pé ọ̀nà ti dí, pé ìta gbangba ni wọ́n ń sùn. Láti ìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bí ọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn alfa pé jọ, olórí àdúgbò náà wá. Lọ́dọ̀ wa, bàbá àgbà ló máa ń gbé ọmọ tuntun sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Bàbá mi na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Gbé e wá, kí n fi hàn wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi fa ọmọ náà mọ́ra. Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi èyí han ẹnikẹ́ni."

Bàbá mi rọra kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì padà sórí orúnkún. Ibi tó jókòó sí ló ti sọ ọmọ náà lórúkọ, a sì ṣe Àmín.