Ahọ́n Zlatina

Ohùn Zlatina ni gbogbo wa fi ń mọ aago ní ìlú wa ní Bulgaria. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kéde ọkọ̀ ojú irin, bó bá sì ní ọkọ̀ ìlú Varna ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká dìde ni.

Ní àsìkò ìkórè àjàrà, ahọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde fúnra rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó ń jẹun, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, orúkọ Varna lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìyá arúgbó kan sì wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Gencho, ọ̀gá ibùdókọ̀, pè é. "Zlatina, àárọ̀ kùtù báyìí lo ti gbé ọtí sẹ́nu?"

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́ òórùn ẹnu mi! Mi ò fẹnu kan ọtí kankan."

"Kí ló wá ń ṣe ahọ́n ẹ?"

Gencho ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ná. Àìsàn ìwárìrì ló pa ìyá Zlatina. Ó rò pé ó ti kan òun náà. Gbogbo ìgbà ló ń wo dígí.

Penka àbúrò rẹ̀ ló fi tipátipá mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà náà ní kó tú àpò rẹ̀. Ó rí oògùn tó ń dá èébì dúró níbẹ̀.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ti ń lo eléyìí?"

"Láti èṣí. Inú ló máa ń rú mi. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kí n fi lò ó, mo kàn ń rà á lọ ni."

"Òun ló ń da ahọ́n yín láàmú, kì í ṣe àrùn ìyá yín. Ẹ má lò ó mọ́. Ó lè kọ́kọ́ le sí i, ẹ má padà sídìí ẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò lọ tán."

Ó le lóòótọ́. Zlatina gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ níbi tó ti ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà. Penka bá a níbi tó ti tún mú oògùn náà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e wá!"

"Ẹyọ kan péré, Penka. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà lẹ́rù ń bà!" Ó já a gbà, ó jù ú sínú ààrò.

Nígbà tí òdòdó fi máa yọ, ahọ́n náà ti rọlẹ̀, àmọ́ ètè rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n bó bá rẹ̀ ẹ́. Gencho tọrọ àforíjì, ó sì dá a padà síbi iṣẹ́, fún òwúrọ̀ nìkan. Kí Zlatina tó tan ẹ̀rọ, ó máa ń fi ahọ́n ti eyín, á wò ó bóyá yóò dúró jẹ́ẹ́.