Káráàtè àti Oorun Ilé Onílé

Ọkọ mi ló kó ọ̀rọ̀ náà dé láti òkè òkun. Ó lo ọdún kan gbáko níbẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé-ẹ̀rí kan tó fi kọ́ ara ògiri pálọ̀, ó sì padà wá sí Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú oríṣiríṣi àṣà tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Búrẹ́dì ló fẹ́ máa jẹ lálẹ́. Ó ń bẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kó jọ̀ọ́ wá lọ wẹ̀. Níjọ́ kan, ó ní tí ọmọ wa bá pé ọdún mẹ́sàn-án, a ò ní ṣe irú èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣe, ká se ìrẹsì, ká gé kéèkì, kí oníkálukú gba ilé ẹ̀ lọ. Ó ní lọ́hùn-ún, ṣe ni àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ máa ń wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe pé òjò ká wọn mọ́, kì í ṣe pé ìyá wọn rìnrìn àjò. Wọ́n kàn wá sùn ni.

Mo ní, "Dádì, kí ló ṣe ibùsùn ilé wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín irú èyí tí wọ́n máa ń rín sí ẹni tí kò tíì wọ bàálù rí. Ó ní kò lè yé mi.

Ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọ kan ṣoṣo la ní. Mo ti bí méjì ṣáájú rẹ̀. Ọkùnrin kò pé oṣù méje. Obìnrin ti ń rìn, ó ti ń pè mí, kó tó lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, mo sì rí ohun tí àdúgbò fi mí ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Kò sẹ́ni tó bú mi. Kíkí ni wọ́n ń kí mi, wọ́n ń kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wọn bá ń ṣeré níwájú ilé wa, oòrùn ò ní tíì wọ̀ tí wọ́n á ti máa pè é. Bó bá jẹ́ iwájú ilé ẹlòmíràn ni, ọmọ ọ̀hún lè wà níbẹ̀ di aago mẹ́jọ. Èmi kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, wọn ò kàn láyà láti pè é lójú mi ni.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ oorun yìí fi bí mi nínú. Ọkọ mi rò pé ayẹyẹ lòun ń ṣètò. Èmi mọ̀ pé ṣe la fẹ́ lọ máa bi àdúgbò léèrè lójúkojú pé ṣé wọ́n gbà pé èmi ni mo jẹ ọmọ mi.

Ọmọ náà ló jẹ́ kí n gbà. Ó wá bá mi nídìí ààrò, ó ní òun fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá lajú láàárọ̀ tí ọmọ mìíràn wà nínú yàrá. Mo pòṣé, mo ní kó lọ fọ bàtà ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí àpótí. Mo sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó máa ṣe ohun tó bá fẹ́.

Káráàtè ni ọmọ ní òun fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ dá lé. Àárín àwọn ọdún 1990 nìyẹn, káráàtè sì ń ṣe gbogbo ọmọkùnrin àdúgbò bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹni kan ní fídíò, ogún ọmọ á rọ́ lọ síbẹ̀, bí wọ́n bá sì ti jáde, wọ́n á so gèlè ìyá wọn mọ́ iwájú orí, wọ́n á máa ta ìpá sí igi ìbẹ́pẹ tí kò ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n á máa ké bí adìẹ tí ọ̀kadà tẹ̀ nírù. Ọmọ tí kò lè gbé garawa omi dé ilé láìsinmi ló ń sọ pé òun lè fi ọwọ́ gé bíríkì.

Ọkọ mi ní a gbọ́dọ̀ lọ pe àwọn òbí fúnra wa. Ọmọ méje la fẹ́ pè. A wọṣọ, a ń wọ ilé dé ilé. Kò sí ilé tí wọn ò ti fún wa ní ìjókòó. Ọkọ mi á ṣàlàyé káráàtè, á ṣàlàyé oorun, àwọn yẹn á máa mi orí. Wọ́n á ní ọmọ náà á dàgbà, á dògbó. Wọ́n á ní a ó ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Bàbá kan tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣe àdúrà gígùn, ó fi Inṣá Allah kádìí ẹ̀. Bí a bá ti jáde, ọkọ mi á yíjú sí mi, á ní, "Wọ́n ti gbà."

Ọ̀mọ̀wé. Ọdún kan péré ló fi gbé òkè òkun, ó ti gbàgbé pé Yorùbá kì í sọ pé rárá fún ẹni tó wá fi ìnáwó ọmọ lọ̀ wọ́n. Àdúrà la fi ń kọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wá, wọn ì bá ti béèrè aago tó máa bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò ṣàdúrà. Ilé kejì sí tiwa ló ń gbé, kíláàsì kan náà sì ni ọmọ rẹ̀ àti tèmi wà. Òun ló jókòó tì mí ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi kejì lọ. Ó fọ aṣọ mi, ó gbá ilé mi, ó lé àwọn tó wá ń fi omijé yọjú láti wo bí ilé wa ṣe rí kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí a sọ fún un, ó ní, "Kí ni kí n dì fún un? Ṣé kó mú ìrọ̀rí dání ni?"

Ìrọ̀rí tó béèrè yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo sọ fún ara mi pé bí àwọn mẹ́fà yòókù ò bá wá, kí wọ́n má wá. Bí ọmọ ọ̀rẹ́ mi bá ti sùn mọ́jú nílé mi, ó ti tó mi.

La bá bẹ̀rẹ̀ ètò. Télọ̀ tí mo gbé aṣọ káráàtè fún kò rán irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń jókòó sídìí máṣíìnì, ṣùgbọ́n ṣé télọ̀ ilẹ̀ wa lè sọ pé òun ò mọ nǹkan kan rán? Mo ń ṣàlàyé, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Nígbà tí mo lọ gbà á, bùbá àti ṣòkòtò funfun mẹ́jọ ló tò sílẹ̀, ó tún lẹ àpò mọ́ àyà gbogbo wọn. Mo ní kí ni àpò ń wá níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin Mọ́mì, bí wọ́n bá náwó fún wọn ńkọ́, ibo ni kí wọ́n fi sí?" Nígbà tí ọmọ mi wọ tirẹ̀, ó dà bí ẹni tó ń lọ sí ìsọ́-òru ìjọ aláṣọ funfun.

Tíṣà káráàtè tí ọkọ mi wá rí ló tún burú jù. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú kíláàsì ilé-ìwé kan lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ sílé. Ó ní kí a máa pe òun ní Sẹnséì. Bẹ́líìtì dúdú tó sán ti ṣí, ó ti ń pọ́n bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó dé ní wákàtí kan ṣáájú àwọn ọmọ, ó jókòó sójú kan, ó ní òun ò lè fi ikùn òfìfo ṣiṣẹ́. Kó tó fọ́ pákó kankan, ó ti fọ́ egungun itan adìẹ méjì.

Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo àwọn ọmọ méjèèje ló wá. Inú mi dùn díẹ̀, mo sì bínú sí ara mi pé inú mi dùn. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n tò sí àgbàlá. Sẹnséì ní kí wọ́n tẹríba fún òun. Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀. Ó ní rárá, ẹ dìde, ẹ kàn tẹ orí nìkan. Wọ́n dìde, eruku ti bo àyà àti àpò. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ alálùbọ́sà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi á nà mí." Bí wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀ padà nìyẹn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, kí wọ́n tó ta ìpá kan, wọ́n á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tó kan pákó fífọ́, káfíńtà wa, ẹni tí kì í fún wa ní igi gidi bí a bá ń ṣe àga, igi gidi ló kó wá lọ́jọ́ yẹn. Sẹnséì ké, ó sọ ọwọ́ mọ́ ọn. Pákó ò mira. Ó tún ké, ó tún sọ ọwọ́ mọ́ ọn. Ó ní pákó náà tutù, ó sì fi ọwọ́ ọ̀hún pa mọ́ sẹ́yìn títí tó fi lọ. Ọkọ mi ń pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀, mi ò sì rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Mo gbàgbé pé mò ń kẹ́gàn.

Àṣà òkè òkun ọkọ mi ni pé ìgbà tí wọ́n bá ti ṣeré tán, tí wọ́n ti wẹ̀, ni wọ́n máa jẹun, lórí fóòmù tí a tẹ́ kún pálọ̀. Mo ń bu ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ̀kadà níta. Bàbá kan ni. Ó ní ìyá òun àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Edunabon, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà kí àwọn tó sùn. Kò tíì lọ tán tí ẹlòmíràn fi dé. Ọfìnkìn ń ṣe ọmọ tirẹ̀, fóòmù lè ní eruku. Ẹnì kẹta ní ìsìn àárọ̀. Bàbá alálùbọ́sà ní ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó, ẹ mà ṣeun o, ọmọ ti gbádùn gan-an, ó di ọdún tó ń bọ̀, Inṣá Allah." Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa àìsàn àti kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Obìnrin yẹn di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń fi ojú wá igun ilé mi kiri. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo yínmú sí i lójú ara rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kó kí ilé.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá bọ̀wọ̀ fún wọn díẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Gbogbo wọn ló dúpẹ́. Ojo ni wọ́n, gbogbo ìwé tí wọ́n kà ò sì lé ìbẹ̀rù tí wọ́n jogún lọ́wọ́ ìyá wọn lọ.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ṣẹ́kù. Ilẹ̀ ṣú, ìyá rẹ̀ kò wá. Mo ń tẹ́tí, mo ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wá. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní ẹni kan ò ṣe bí wọ́n ṣe ṣe. Mo fa fóòmù méjì sún mọ́ ara wọn, mo gbé ìrẹsì méjì síwájú àwọn ọmọ méjèèjì, mo fi ẹran tó pọ̀ jù sórí ti ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó ká ọwọ́ jọ, kò fọwọ́ kan ṣíbí.

Mo ní, "Jẹun, ọkọ mi."

Ó ní, "Mo ti yó, mà."

"Ìgbà wo lo jẹun?"

Ọmọ gidi ni, kò mọ irọ́ pa. Ó wo ìrọ̀rí rẹ̀, ó wo ọmọ mi. Ó ní, "Mọ́mì mi ní mo lè sùn, ṣùgbọ́n kí n má jẹ nǹkan kan. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fún mi lóúnjẹ lójú àlá, kí n má gbà á."

Ìgbà yẹn ni mo wá rò ó pé láti ọdún tí ọmọ yìí ti ń wọlé tọ̀ wá, kò jẹun lọ́dọ̀ wa rí. Yíyó ló máa ń yó wá. Àwọn tó wá kó ọmọ wọn lọ, mo mọ bí mo ṣe lè kẹ́gàn wọn, mo ṣì ń kẹ́gàn wọn di òní. Èyí tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, tó sì kìlọ̀ fún un nípa mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi í sí. Ó dùn mí ju gbogbo tiwọn lọ.

Ọmọ mi ti bu ìrẹsì sínú ṣíbí. Ó dá a padà sínú abọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí èmi náà má jẹ ẹ́?"

Ọkọ mi fi ẹ̀fẹ̀ Sẹnséì tó ti ń ṣe láti ìgbà yẹn sílẹ̀. Ó wá jókòó sórí fóòmù láàárín àwọn méjèèjì, ó bu ṣíbí ńlá kan nínú abọ́ ọmọ wa, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Ọmọ mi ń wò ó lẹ́nu. Ó wò ó títí ó fi gbé e mì, kó tó mú ṣíbí tirẹ̀.