Ìtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí A Sin Dípò Ìyá Àgbà

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, sọ pé kí wọ́n wó yàrá tí mò ń gbé ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, nítorí ẹ̀yìn yàrá náà ti di ojú títì. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, Òkè Bọ́lá ni ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ sí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ agboolé tí kì í dá sí.

Yàrá ìyá mi ni. Kó tó di ti ìyá mi, ìyá tí ó bí bàbá mi ló ni ín, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Inú rẹ̀ ni mo padà sí nígbà tí mo kúrò ní ilé ọkọ. Ibẹ̀ ni mo ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀, bí mo bá ṣí fèrèsé, òkè Màpó ni mo máa ń rí. Mo máa ń mu ẹ̀kọ gbígbóná mi níbẹ̀, ọkàn mi a sì balẹ̀. Bí wọ́n bá wó o, ọ̀dọ̀ ọmọ ni n óò máa gbé, n kò sì fẹ́ jókòó sí ilé ẹni tí yóò máa sọ ìgbà tí mo máa sùn fún mi.

Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibùgbé mi nìkan. Abẹ́ ilẹ̀ yàrá náà ni a sin Ìyá Àgbà sí, ẹ̀gbọ́n mi kò sì mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, òyìnbó ni ó ń ṣe ìjọba, òfin sì ti wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sínú ilé mọ́. Wọ́n ní ó ń fa àrùn. Itẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn ìlú ni kí á máa gbé wọn lọ. N kò ní purọ́ mọ́ wọn: kànga tí wọ́n ní kí á máa dé, ó dára bí a ṣe ń dé e. Ṣùgbọ́n wọn kò bi wá léèrè ohun tí ilé jẹ́ sí wa. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá kú ikú burúkú ni à ń gbé lọ sínú igbó. Ẹni tó bímọ, tó sì darúgbó, inú ilé rẹ̀ ni í sùn, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Òfin náà sọ iyì wa di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí á pe ìtìjú ní ìmọ́tótó.

Wolé-wolé ni a ń pe àwọn tí ó ń yẹ ilé wò fún ìjọba. Ẹ̀gbọ́n mi yìí di ọ̀kan nínú wọn kí ó tó gbéyàwó. Ó ń wọ ṣòkòtò kakí kúkúrú, ó sì ń fi ọ̀pá ṣí ìkòkò omi ìyá mi wò bí ẹni pé ejò ló wà níbẹ̀. Òun náà ló sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n má ṣe rán mi lọ sí ilé-ìwé, pé obìnrin tó bá kàwé kì í gbọ́ràn. Bàbá mi ṣì rán mi lọ. Èmi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, n kò sì gbàgbé.

Ìyá Àgbà ti sọ fún gbogbo obìnrin ilé pé, "Ẹ má gbé mi lọ sígbó o. N kò ṣe ohun ìtìjú kankan." Nígbà tí ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wẹ̀ ẹ́, ààfáà kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín sínú yàrá rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán gangan. Wọ́n wá gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi aṣọ funfun dì wọ́n pọ̀, wọ́n ká ẹní mọ́ ọn. Ìyẹn ni wọ́n gbé jáde fún aráyé wò.

Ẹnì kan bi ààfáà bóyá kò léèwọ̀. Ó ní, "Èmi ti kírun sí òkú lára. Èyí tó kù, ti òyìnbó ni."

Wọn kò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ti di ẹrù náà tán. Ó gbé e léjìká pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó sunkún dé itẹ́ òkú, ó bu erùpẹ̀ sí i. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ìyàwó ilé wà nínú yàrá, wọ́n ń fi ẹlẹ́bọ́tọ, ìgbẹ́ màlúù tí a pò mọ́ omi ewé, pa ilẹ̀ kó lè dán. Èmi ni mo ń bu omi fún wọn.

"Pa á dáadáa o," ni ìyáálé kan sọ fún ìyá mi. "Ìyá ọkọ rẹ kò fẹ́ràn ilẹ̀ tó bá sán."

"Ìgbà tí wọ́n wà láyé ni wọ́n ń bá mi jà," ni ìyá mi dáhùn. "Èyí tí mo bá pa fún wọn lónìí, wọn á gbà á bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi mú òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ wá yẹ agboolé wa wò. Òyìnbó náà dúró lórí Ìyá Àgbà gan-an. Ó wo ilẹ̀ tó ń dán, ó sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì túmọ̀ rẹ̀: kò sí yàrá tó mọ́ tó èyí ní gbogbo àdúgbò, kí àwọn yòókù wá wò ó kọ́ṣe. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó mọ àṣírí náà ti kú tán. Èmi nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí ìpàdé ẹbí ní ilé mọgàjí, olórí agboolé wa, ọmọkùnrin tí mo kọ́ ní ìwé rí.

"Tíṣà," ni ẹ̀gbọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀, "ilé ọkọ ni ilé obìnrin. Kí lo ń dúró ṣe nílé bàbá rẹ?"

"Ọkọ ti kú, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n lọ bá a ni?"

Àwọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Mọgàjí ní kí wọ́n dákẹ́.

"Yàrá alámọ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀."

"Ogbó ti dé sí ọ. Èjìká mi yìí ni mo fi gbé wọn lọ. Ọdọọdún ni mò ń lọ sí ibojì wọn. Mo rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì, mo kùn ún lọ́dà funfun."

"Mo mọ̀. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹ kùn lọ́dà."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí aṣọ funfun títí dé orí òyìnbó. Mo rọra sọ ọ́ ni, nítorí ó dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo sì bi í léèrè nípa sàréè tí òun náà ti gbẹ́ sílẹ̀ fún ara rẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, tí ó lẹ táìsì sí: wolé-wolé wo ló fún un láṣẹ?

"Irọ́ ni," ó wí. "Ẹ gbẹ́ ibẹ̀ kí á wò ó."

"Ta ni yóò gbé ọkọ́, Bàbá?" ni mọgàjí bi í. Kò sẹ́ni tó mira. Mọgàjí tún ní, "Nígbà tí ẹ bá wá kí ìyá Tíṣà nínú yàrá yẹn, níbo ni wọ́n máa ń ní kí ẹ jókòó?"



"Ẹnu ọ̀nà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n máa ń fa àga mi kúrò láàárín. Mo rò pé wọn kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ àga ba ilẹ̀ jẹ́ ni."

Mọgàjí ní kí ṣọ́ọ̀bù mọ sí apá kejì ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan yàrá mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wá sí yàrá mi, ọmọ rẹ̀ ló mú un wá. Ó bọ́ bàtà sí ìta, ó sì kágò, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n.

"Apá ibo ni orí wọn wà?"

Mo fi hàn án. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ilẹ̀. Mo fún un ní omi mu. Nígbà tí ó fẹ́ dìde tí kò lè dìde, n kò na ọwọ́ sí i. Mo ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀, n kò sì sọ pé kó yára.

Kó tó lọ, ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀dà funfun yẹn dé etí àwọn ará Òkè Bọ́lá. Mo ní n óò rò ó wò. Mo ṣì ń rò ó.