Ẹni Tó Sọ̀kalẹ̀ ní Èbúté

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọsàn, torí ọsàn ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ará Fìdítì kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo. Bí a bá ń lọ sílé àna, ọsàn ni. Bí a bá ń lọ wo aláìsàn ní Ìbàdàn, ọsàn náà ni. Nítorí náà, nígbà tí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù láti Fìdítì, Ìlọra àti Akinmọ̀rìn pinnu láti lọ wo bọ́ọ̀lù tí ilẹ̀ wa fẹ́ gbá ní Kútọnu, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni kí àpò ọsàn mẹ́ta tó wọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì.

Èmi nìkan ni obìnrin nínú wa. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní Ọ̀yọ́, mò ń lọ láàárọ̀, mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Bàbá mi ló fi ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ràn mí. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n rédíò kékeré kan kì í kúrò léjìká wọn; láàárín ebè ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo bọ́ọ̀lù tí ilẹ̀ wa ń gbá. Wọn kò fojú rí ọ̀kan rí ní pápá. Lọ́dún yẹn, ojú wọn ti ń ṣú. Dókítà ti sọ fún mi pé kò sí bí a ṣe lè dá a padà, pé kí n jẹ́ kí wọ́n rí ohunkóhun tó bá wù wọ́n kí ó tó pẹ́ jù. Mo bi wọ́n léèrè. Mo rò pé wọn yóò dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Kánò. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni.

Ọmọ Ìlọra kan, ẹgbẹ́ mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Faransé, ló ṣètò ìrìn àjò náà. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní mọ́tò máa ń tò gbọọrọ ní ẹnubodè, pé kí a kúkú wọ ọkọ̀ ojú omi láti Àgbádárìgì lọ sí Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè, kí a wá wọ mọ́tò dé Kútọnu. Níwọ̀n bí àwa kò ti gbọ́ Faransé, òun náà ni ògbufọ̀ wa. Láti Fìdítì dé Àgbádárìgì, kò ra oúnjẹ jẹ. Ẹni tó bá ra búrẹ́dì á bù fún un, ẹni tó bá ra ẹran á já fún un, kí ebi má baà mú èdè kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Àgbádárìgì la sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọ ọkọ̀, àwa àti ọsàn wa. Ọlọ́kọ̀, ará Ègùn kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo bí omi ṣe sún mọ́ etí ọkọ̀, ó ní kí ọsàn sọ̀kalẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. A gbé àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ó tún wo omi, ó ní ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Mo mọ ibi tí ojú àwọn yòókù wà. Orúkọ bàbá mi kò sí nínú ìwé tí Tíṣà kọ orúkọ àwa arìnrìn-àjò sí. Èmi ni mo fà wọ́n wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra. Bí mo bá sì sọ̀kalẹ̀ fún wọn, ta ni yóò di ọwọ́ wọn mú lọ́hùn-ún? Bàbá mi di etí ọkọ̀ mú, wọ́n ń dìde. Wọ́n ní ìró omi tí àwọn ti gbọ́ náà ti tó. Kí wọ́n tó nàró tán, Tíṣà ti fò sílẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ariwo sọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà kan láti Akinmọ̀rìn ní, “Tíṣà, o ti jẹ ẹran wa láti Ìbàdàn, o wá fẹ́ sá?”

Tíṣà ní, “Ẹ kí àwọn ará Àjàṣẹ́ bí ẹ ṣe ń kí ará ilé yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ padà wá gba ẹran yín.”

Bàbá mi bọ́ rédíò kúrò léjìká, wọ́n nà án sí i. “Gbà. Fi etí gbọ́ tìrẹ, kí n fi ojú wo tèmi.”

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́, olúkúlùkù di ẹnu rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní èbúté gbójú sókè, ó ní, “Ẹ kú ewu omi o. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?” Yorùbá ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní Tíṣà ti wá síbí rí, ó mọ̀ pé ìyà àìní ògbufọ̀ kò lè jẹ wá, ó kàn fi ẹran wa ṣara lóore ni.

Ní pápá, a jókòó sí ìtòsí ìlà. Gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wọlé, tiwa ni, iwájú wa gan-an ni wọ́n ti gbá a. Gbogbo ènìyàn ti jókòó padà, bàbá mi ṣì wà lóòró. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Mo rí i.”

Lọ́jọ́ kejì, a padà dé Àgbádárìgì, a bá Tíṣà lórí àpò òfo. Ó ti pín ọsàn fún gbogbo èbúté. Omi kò tíì gbẹ lẹ́sẹ̀ bàbá mi tí wọ́n ti ń ròyìn fún un pé ẹsẹ̀ ọ̀tún lagbábọ́ọ̀lù náà fi gbá gọ́ọ̀lù wọlé.

“Bàbá, rédíò ní ẹsẹ̀ òsì ni.”

“Rédíò ò lójú.”

Ibẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bí Tíṣà bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, alùpùpù rẹ̀ á dé ẹnu ọ̀nà wa, òun àti bàbá mi á tún gbá bọ́ọ̀lù náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ojú bàbá mi kú tán, ṣùgbọ́n iyàn kò kú. Mo máa ń wà nítòsí tí mò ń bó ọsàn fún wọn. N kò dá sí i. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà; ẹsẹ̀ òsì ni.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dé, Tíṣà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bàbá, mo ti wádìí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni.” Bàbá mi rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì í.

Lẹ́yìn ìsìnkú, òun nìkan ló ṣẹ́kù lábẹ́ igi níwájú ilé. Ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé èmi tí mo wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni gan-an. Mo wo ọkùnrin tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí bàbá mi lè ríran. Mo bó ọsàn kan, mo nà án sí i.

Mo ní, “Ọ̀tún ni, Tíṣà.”

Ó gba ọsàn náà, ó sì ń fà á mu.