Ìta Ni Gbénró Ti Ń Wo Bọ́ọ̀lù

Bí ẹ bá dé Ìyànà Ìbà, tí ẹ bi àwọn èèyàn léèrè ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà dùn mọ́ wọn jù, ohun tí ojú wọn rí ni wọn yóò sọ fún yín. Àwọn kan á ta ẹsẹ̀ sí afẹ́fẹ́ kí ẹ lè mọ bí góòlù ṣe wọlé. Àwọn mìíràn á ṣubú lulẹ̀ bí aṣọ́lé, aṣọ iṣẹ́ wọn a sì dọ̀tí. Ṣùgbọ́n Gbénró fọkanáísà, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìbà, ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ nìkan ló ní láti sọ. Odindi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi nífẹ̀ẹ́ Nàìjíríà láti ìta, bí ọkọ tí ìyàwó ti ìlẹ̀kùn mọ́ síta, tó ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń yìn ín.

Epo bẹntiróòlù ló fà á.

Lọ́dún 1996, Gbénró jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Òkokomáíkò. Yàrá Abọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ni wọ́n ti ń wo Òlíḿpíìkì tí wọ́n gbá ní Atlanta. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò. Brazil ti fi mẹ́ta sílé wa, ẹyọ kan ṣoṣo la rí dá padà. Jẹnẹrétọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Abọ́lá ní kí Gbénró gbé kẹ́ẹ̀gì, kó sáré lọ ra epo kí iná tó kú. Ó lọ, ó ń kùn. Kó tó jí obìnrin tó ń ta epo, kó tó bẹ̀ ẹ́, kó tó gba lítà méjì, ó gbọ́ tí àdúgbò pariwo. Kó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n tún pariwo. Nígbà tó máa fi wọ àgbàlá, wọ́n ti pariwo lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti gbé Abọ́lá lé èjìká. Mẹ́rin sí mẹ́ta!

"Gbénró, o ò sí níbẹ̀!" Abọ́lá ń pariwo láti òkè. "Ọlọ́run mi, o ò sí níbẹ̀!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Hẹn-ẹ́n," ló wí. "O ò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ àṣekágbá, kẹ́ẹ̀gì kún fọ́fọ́, síbẹ̀ wọ́n rán Gbénró lọ ra epo. Nàìjíríà gba wúrà. Kò sẹ́ni tó tún béèrè ẹ̀rí mìíràn: ojú Gbénró wúwo, bó bá ti wo bọ́ọ̀lù wa, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ò kọ́kọ́ gbà. Lọ́dún 1998, ó sá lọ sí Alábà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, ó wo ìdíje wa pẹ̀lú Denmark. Mẹ́rin sí ẹyọ kan ni wọ́n fi lù wá. Lọ́dún 2000, ó wọ pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, ó fi fìlà bojú bí olè. Pẹ́náritì ni àwa àti Cameroon fi parí àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Bọ́ọ̀lù wa kan lu òpó òkè, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó tún un wò lórí tẹlifíṣọ̀n ní ó kọjá ìlà. Adájọ́ ní kò wọlé. Gbénró fi ẹsẹ̀ rìn láti Sùúrùlérè dé Mile 2 lọ́jọ́ náà, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó bá ń sunkún lójú ọ̀nà, wọn ò sì mọ ohun tó ń bẹ̀ wọ́n sí.

Folúkẹ́, ìyàwó rẹ̀, mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù tí wọ́n ń lọ. Wòlíì fi omi àti lọ́fínńdà wẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun. Ìyẹn ló gbójú lé tó fi wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan nínú Ife Àgbáyé ọdún 2002. A ò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Wòlíì ní ẹ̀mí gígùn lòun gbàdúrà fún o, òun ò mẹ́nu kan bọ́ọ̀lù.

Ó tán. Láti ìgbà náà, Gbénró gba kádàrá. Nígbà tí Abọ́lá kọ́ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù sí Ìyànà Ìbà, tó kó bẹ́ǹṣì àti tẹlifíṣọ̀n ńlá sí i, Gbénró fúnra rẹ̀ ló yí táyà tírélà kan lọ sẹ́yìn ilé náà. Orí rẹ̀ ló ń jókòó sí lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá ń gbá, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa gbọ́. Bàbá Ìta ni wọ́n sọ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá le, ẹnì kan á yọrí lójú fèrèsé: "Bàbá Ìta, ẹ ṣì wà níta àbí ẹ ti ń yọ́ wọlé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀!" Á sún sẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín. Ó dá a lójú pé òun náà ń gbá bọ́ọ̀lù náà, pé ìta ni ipò tí wọ́n fi òun sí.

Ọdún 2013 ló dùn mọ́ ọn jù. Lọ́jọ́ àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ̀rù bà á débi pé ó sá fún ilé ìwòran pátápátá, ó ń fẹsẹ̀ rìn lórí títì márosẹ̀ láti Òkokomáíkò bọ̀ wá sí Ìyànà Ìbà. Kò sí ọkọ̀, kò sí èèyàn. Òkokomáíkò kọ́kọ́ bú sígbe ayọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn tó ń fi irin ẹ́ríà orí òrùlé gba tẹlifíṣọ̀n ló máa ń tètè rí i. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí Ìbà, tó ń lo díìṣì, tó gbà á. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ gbé ti Navy Town wá láti ọ̀ọ́kán. "Ẹ̀yin rí góòlù yẹn lẹ́ẹ̀kan," ló máa ń sọ. "Èmi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Moyinolúwa, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣe ojú bàbá rẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló sì fi mọ̀ ọ́n. Eré tí ọmọ yìí fẹ́ràn jù ni kó yọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, kó dákẹ́ títí bàbá á fi rí i, tí á ta gìrì. Lọ́jọ́ kan ó gbé oúnjẹ dání, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ò ta gìrì. Moyin ju ọwọ́. Ó yọ ahọ́n. Ó jó díẹ̀. Ọbẹ̀ tutù sí i lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ ṣì ń wọ̀tún-wòsì, ó ń béèrè lọ́wọ́ Folúkẹ́ pé níbo lọmọ yìí gbé oúnjẹ òun lọ.

Dókítà ojú kò fọ̀rọ̀ falẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì ti lọ, bàbá. Èyí tó kù fún yín, bí ìgbà téèyàn ń wo ayé láti inú páìpù ni. Páìpù náà sì ń dí."

"Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

"Kì í padà. Oògùn yìí kàn lè fa èyí tó kù lọ́wọ́ sẹ́yìn díẹ̀ ni. Ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá."

Òun àti Moyin wọ ọkọ̀ padà, wọ́n bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà Ìbà.

"Moyin."

"Sà."

"Láti ọjọ́ tí a ti bí ẹ, mi ò tíì fojú rí góòlù Nàìjíríà kan."

"Wọ́n wà lórí fóònù mi, Dádì. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀? Ẹ̀bà àná nìyẹn. Èyí tó gbóná ni mò ń wí. Ẹyọ kan péré, kí ojú yìí tó dí."

Ìyẹn ni ohun tó gbé lọ bá Abọ́lá ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí Nàìjíríà ti wọ àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà, tó ku àwa àti Ivory Coast.

"Mo fẹ́ wọlé lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Wọlé síbo?" Abọ́lá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Gbénró ò rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Gbénró, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Ẹyọ kan ló kù. Ẹyọ kan! Jẹ́ kí wọ́n gba ife yìí tán. Tó bá di ìdíje tó ń bọ̀, orí àga tèmi gan-an ni wàá jókòó."

"Kí ni màá fi wò ó nígbà yẹn?"

Moyin tó bá bàbá rẹ̀ wá ló gbà á lẹ́nu wọn: "Ọ́ńkù, bí ojú Dádì mi bá lágbára tó báyìí, ṣebí Ivory Coast ló yẹ ká gbé wọn lọ bá? Kí Dádì jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máa wò wọ́n!"

Abọ́lá rẹ́rìn-ín tipátipá. Ó gbà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Gbénró wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó ti rà láti ọdún 1996. Kòkòrò ti jẹ ọrùn rẹ̀. Folúkẹ́ kán oògùn sí i lójú, ó gbàdúrà sí etí rẹ̀, Moyin sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Ilé ìwòran dìde.

"Ta ló ń mú Bàbá Ìta bọ̀?"

"Ẹ yí wọn kọjú sí ògiri o!"

"Bàbá Ìta ti di Bàbá Ilé! A gbé!"

"Ẹ gbẹ́nu yín dákẹ́," ni Abọ́lá wí. Ó sì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú pátápátá, tí eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n.

Ihò kékeré ni Gbénró ń gbà wò. Koríko á wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ kan á wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù á gbabẹ̀ kọjá bí eku. Moyin ń sọ sí i létí pé, "Òsì, Dádì. Ó ti dọ̀tún." Ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, a rí kọ́nà gbà. Bọ́ọ̀lù gòkè. Gbénró pàdánù rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó rí i. Balógun ikọ̀ wa fò, ó fi orí kàn án, àwọ̀n sì mì. Ó rí i tí àwọ̀n mì!

Gbogbo ilé bú. Gbénró la ẹnu, ohùn ò jáde. Láti ọjọ́ yìí wá ni àwọn ẹlòmíràn ti ń bá a pariwo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́. Omi ojú ló rí dà.

Nígbà tí wọ́n sinmi ìdajì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n etí Gbénró kì í ṣe etí lásán. Etí tó ń gbọ́ ibi tí táyà ti ń jò ni. Ó gbọ́ wọn lẹ́yìn.

"Wọ́n ti rí ẹyọ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́. Kí wọ́n ṣàánú wa."

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

Abọ́lá wá jókòó tì í, ó gbé màlùtì tútù lé e lọ́wọ́. "Gbénró..."

"Mo mọ̀," ni Gbénró wí. Ó dìde.

Moyin di aṣọ rẹ̀ mú. "Dádì, ẹ jókòó! Ojú tó kù fún yín lẹ fẹ́ fi ṣọrẹ yìí!"

"Bí mo bá jókòó tí wọ́n fi nà wá, ohun tí màá máa rí nínú òkùnkùn nìyẹn títí mo fi máa kú. Jẹ́ kí n mú àwọ̀n tó mì yẹn lọ."

Ó jókòó sórí táyà rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń retí Òkokomáíkò. Ó pẹ́ díẹ̀, Òkokomáíkò sì dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ariwo. Ó dà bí atẹ́gùn tó ń jò lára táyà ńlá. Ìbà náà jò. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòran tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jò, débi pé ògiri gbọ̀n. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n tún jò lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn èèyàn ń jáde, wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá Ìta. Abọ́lá ló jáde gbẹ̀yìn, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Méjì sí ẹyọ kan."

"Mo gbọ́."

"Gbénró," ni Abọ́lá wí. "O ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ìwọ. Gbénró, dárí jì mí. Láti Atlanta wá, kì í ṣe ìwọ rárá."

"Má wí bẹ́ẹ̀." Gbénró na ọwọ́ wá ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ pa á dé, kò rí i. "Abọ́lá, jọ̀wọ́, má wí bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi, kí ni mo wá ń ṣe níta?"

Abọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Kí ìdíje mìíràn tó dé, páìpù ti dí. Gbogbo ilé ìwòran ló dìde lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbá. Wọ́n gbé Gbénró wọlé bí ọba, wọ́n fi í sórí àga Abọ́lá níwájú tẹlifíṣọ̀n tí kò lè rí. Ìfẹ́ wọn pọ̀, wọ́n ń sọ bọ́ọ̀lù fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ti gbá a, Bàbá!"

"Irọ́ ni, kò gbá a! Ó ti fún ẹlòmíràn!"

"Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá, èmi ni kẹ́ ẹ gbọ́!"

Gbénró ń yí orí síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀lù ò sí níbì kankan.

"Moyin," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́, "mú mi jáde."

Moyin mú un jáde. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ràn án lọ́wọ́ jókòó sórí táyà, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yí etí sí ọ̀nà Òkokomáíkò.

"Dádì, kò tíì sí nǹkan kan."

"Dákẹ́ ná," ni Gbénró wí, ojú rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀ sínú òkùnkùn. "Ọ̀dọ̀ wa ni bọ́ọ̀lù wà."