Ẹni Tí Yóò Dá Páànù Lóhùn

Ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí odò ti ń wọlé onílé bí àlejò tí kò kágò, àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń kéde omi. Bí omi bá ti kan àtẹ̀gùn ilé Ajarat, opó tó ń ta ata ní ọjà Máìlì Tuẹ́lìfù, yóò bọ́ síta pẹ̀lú páànù àti orógùn. Yóò lù ú níwájú ilé kan, yóò sì dúró. Obìnrin ilé náà gbọ́dọ̀ lu tirẹ̀ padà. Ilé tí kò bá dáhùn ni wọ́n ń já wọ̀, nítorí ó lè jẹ́ arúgbó ló wà níbẹ̀, tàbí abiyamọ tí oorun gbé lọ. Báàfù ńlá tí Ajarat fi ń ṣan ata ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ọwọ́ sí, tí wọn yóò máa tì í lórí omi títí dé títì.

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sí ohùn mìíràn tó ń dá a lóhùn bí kò ṣe ti páànù aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í mú omi, ènìyàn ló ń mú. Ọdọọdún ni ilẹ̀kùn kan ń tì tí kì í ṣí mọ́. Lásìkò òjò ọdún 2007, Ìyá Ọláìyá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà, náà di ẹrù rẹ̀ láti kó lọ.

"Ìyá Shittu, ta lẹ tún ń dúró dè níbí?" ni ó bi Ajarat. "Àbí ẹ ti fẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni?"

"Ọ̀pọ̀lọ́ sàn ju ọkọ tó ń hanrun lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, Ìyá Ọláìyá gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Shittu, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò yéé pè é láti Gbàgádà. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa."

"Ọjọ́ tí mo bá lu páànù tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, wá mú mi."

Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, omi gun àtẹ̀gùn. Ajarat ti báàfù rẹ̀ síwájú, ó ń lu páànù láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Nígbà tí ó dé iwájú ilé Ìyá Ọláìyá, ó gbọ́ ìdáhùn láti inú ilé: kò, kò, kò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti padà! Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn tí omi ti mú wú, ó wọlé.

Ògbólógbòó ìkòkò kan ló ń léfòó níbẹ̀, tí ìgbì omi ń gbá a mọ́ ògiri.

Ajarat dúró nínú omi tó mù ún dé ìbàdí. Ó gbé ìkòkò náà, ó fi kọ́ ìṣó ògiri, kí ó má baà tan ẹlòmíràn jẹ, bí ẹlòmíràn bá ṣẹ́ kù. Nígbà tí ó padà délé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Shittu, máa bọ̀."

"Ṣé kò sẹ́ni tó dáhùn ni, Mummy?"

"Ìkòkò dáhùn."

Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàfù, níbi tí àwọn ọmọ ọwọ́ máa ń wà, ó sì ń tì í lọ sí títì. Síbẹ̀, níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, ó ń lu páànù, ó ń tẹ́tí díẹ̀, kí ó tó kọjá.